Ibi Tí Ikán Jẹ Dé

Ó máa ń ti rẹ̀ mí kí n tó kúrò ní ọ́fíìsì l'Ọ́wọ̀. Bí mo bá wá dé Ìdógùn ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé, tí eruku ojú ọ̀nà ti bò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bàbá mi kì í fi bẹ́ẹ̀ bèèrè àlàáfíà. Ohun tó máa ń bèèrè ni, "Ṣé ká bẹ̀rẹ̀?" Ojú rẹ̀ ti lọ. Èmi ni mo ń kàwé fún un.

Ìwé àwọn Pùrítánì ni. Oníwàásù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ ni wọ́n, àwọn tó ní ìjọ Ọlọ́run ò tíì mọ́ tó, tí wọ́n sì ń yẹ ọkàn ara wọn wò bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ọwọ́ òyìnbó míṣọ́nnárì kan tó ń padà sílé ni Bàbá ti rà wọ́n, nígbà tó ṣì jẹ́ akọ̀wé ìjọba. Àwọn ìwé yìí ló tọ́ wa dàgbà. Torí wọn la ṣe ń se ọbẹ̀ Sọ́ńdè sílẹ̀ ní Sátidé, tí a ó sì jókòó ní ìrọ̀lẹ́ kí kálukú ro ẹ̀ṣẹ̀ tó dá láàárín ọ̀sẹ̀. Ọmọdé mélòó ló lẹ́ṣẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Mo máa ń wá tèmi tì.

Lọ́dún yìí, ìwé wá yíjú sí Bàbá fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò lè dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ni àlùfáà bá ń gbé Oúnjẹ Olúwa wá bá a nílé lóṣooṣù. Bàbá kọ̀, kò jẹ ẹ́. Ó ní kò dá òun lójú pé Ọlọ́run mọ òun. Ẹni tí kò gba rìbá rí o! "Mo hùwà rere," ló wí, "ṣùgbọ́n bóyá ìwà lásán ni. Bóyá ìgbàgbọ́ ò sí nísàlẹ̀ rẹ̀."

Àwọn ará àdúgbò ní kì í ṣojú lásán, ó ní láti jẹ́ pé ó ń fi nǹkan pamọ́. Àbúrò mi obìnrin, tó ń lọ sí ìjọ kan tí gbohùngbohùn rẹ̀ kì í jẹ́ ká gbádùn l'Ọ́wọ̀, wá, ó pariwo lé e lórí: "Bàbá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀! Ẹ sọ pé ẹ ti borí!" Inú bí mi. Gbogbo pátákó ojú títì ló ń ṣèlérí iṣẹ́ ìyanu. Níbo ni arúgbó fẹ́ jókòó sí kó sọ pé ẹ̀rù ń ba òun? Àfi inú ìwé tí ẹnikẹ́ni ò kà mọ́. Àwọn Pùrítánì le lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í pariwo lé ẹni tẹ́rù ń bà.

Àṣà wọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ tú ojú egbò kí wọ́n tó fi oògùn sí i. Nínú èyí tí Bàbá fẹ́ràn jù, ìdajì àkọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ ẹni tó ń tan ara rẹ̀ jẹ, ìdajì kejì ni ìtùnú. Ìdajì kejì yìí ni ikán jẹ nínú àpótí. Nítorí náà, ojú egbò là ń kà ṣáá, a ò dé ìdí oògùn.

Ní Fúráìdé tó ṣáájú ọjọ́ tí àlùfáà máa wá, mo tún kàwé náà dé ibi tí ikán jẹ dé, mò ń sọ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ yẹn di Yorùbá bí mo ti ń kà á. Ó rẹ̀ mí. Ó rẹ̀ mí láti máa pa ìwé náà dé síbẹ̀. Mo wo ihò inú tákàdá, mo sì ń bá a lọ: "Ìgbàgbọ́ tó ń gbọ̀n, ìgbàgbọ́ náà ni. Ọmọ tó ń sunkún pé bàbá òun jìnnà sí òun, ṣé kì í ṣe ọmọ ni?"

Bàbá yíjú sí mi. "Ìyẹn ò sí nínú ìwé yẹn, ọmọ mi. Mo mọ ibi tí ikán jẹ dé." Ó wá bi mí pé, "Ìwọ alára ńkọ́, ṣé o gbà á gbọ́?"

Ta ló fẹ́ purọ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? "Bàbá, mi ò mọ̀," ni mo wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti gba àdúrà tó wá látọkàn mi. Ó ti rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ó wù mí kó jẹ́ òótọ́."

Ó fẹ̀yìn ti àga, mo rò pé ó fẹ́ sùn. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ látìgbà tí ìyá mi ti kú.

"Ó wù ọ́? Ṣé nǹkan máa ń wu òkú ni?" Ó fọwọ́ pa ìwé náà lára. "Ohun tí ikán jẹ nìyẹn."

Ní Sọ́ńdè, àlùfáà dé pẹ̀lú aṣọ funfun àti ife kékeré rẹ̀. Ó ti ń múra àtigbọ́ "rárá" gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Bàbá gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ dúró ná, sà." Ó ń táràrà, ó ń wá ọwọ́ mi títí ó fi bà á. "Wá kúnlẹ̀ tì mí. Ó wu èmi náà."

Orúnkún ń ro mí. Mo kúnlẹ̀.