Àtàǹpàkò Bàbá Láléye

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí mi sí, tó jẹ́ kí n lè jẹ́wọ́ ohun tí mo fẹ́ fi pa mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Savalou.

Ọlọ́pàá ni mí tẹ́lẹ̀ ní Bantè. Nígbà tí mo kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà, wọ́n fi mí ṣe adájọ́ ní kóòtù kékeré kan ní Savalou. Ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn? Gbogbo ìjọ wa gbàdúrà fún mi!

Kò pẹ́ ni wọ́n mú àgbẹ̀ kan láti Agoua wá síwájú mi, Bàbá Láléye. Wọ́n ní ó dáná sun abà òwú aládùúgbò rẹ̀. Ó ti lé ní ọdún kan tó ti wà ní àtìmọ́lé. Ẹ̀rí kan ṣoṣo ló wà: ìwé ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fi Faransé kọ, tí bàbá tẹ àtàǹpàkò sí. Mo ṣí fáìlì. Ta ló kọ ọ́? Èmi ni!

Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe é nígbà náà. Mọ́tò tó ń kó ìwé lọ sí Savalou kì í dúró deni. A máa ń ní kí ẹni tí a mú kọ́kọ́ tẹ̀ka sí ìsàlẹ̀ ìwé òfìfo, àwa á wá kọ ọ̀rọ̀ kún un. Ohun tí olùfisùn sọ ni mo kọ, bí ẹni pé ẹnu bàbá ló ti jáde. Ó yẹ kí n kà á fún un ní èdè Ìṣà tó ń sọ. N kò kà á.

Mo bi í bóyá ó jẹ́wọ́ lóòótọ́. Ó wò mí títí.

“Ọ̀gá, ẹ ò mọ̀ mí mọ́? Ẹ ní tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, kí n máa lọ sóko. Mo sì tẹ̀ ẹ́.”

Ìyàwó rẹ̀ ń wò mí láti ẹ̀yìn kóòtù. Akọ̀wé kóòtù rọra sọ fún mi pé kí n sún ẹjọ́ náà síwájú, pé ọ̀rọ̀ á tutù. Tí mo bá dákẹ́, ẹ̀wọ̀n ni fún bàbá. Tí mo bá sọ̀rọ̀ ńkọ́?

Mo dìde lórí àga, mo lọ dúró níbi tí àwọn ẹlẹ́rìí ń dúró sí, mo sọ ọ́.

Adájọ́ mìíràn ló dá bàbá sílẹ̀. Wọ́n gba àga adájọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́ ní Agoua. Ó fún mi lómi mu, ó ní òun ti dárí jì mí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n gbé ìwé ìrìbọmi ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá kí ó tẹ̀ka. Ó ká àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ inú àtẹ́lẹwọ́, kò ṣí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé fún ẹni tí kò mọ̀wé, ẹ kà á fún un kó tó tẹ̀ka. Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí? Ẹ sọ ọ́ fún wa.

Ìwọ tó ka èyí, kí Olúwa má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ kó bá aláìṣẹ̀, kí ẹlòmíràn má sì kọ ohun tí o kò sọ sí ọ lọ́rùn. Àmín.