Ìforíkanlẹ̀ Mi Tí Wọ́n Ń Yìn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n dàgbà tó báyìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tá a jọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni kò rí i. Ṣùgbọ́n gbogbo ọdún tí mo fi jókòó sídìí máṣìn ti mú nǹkan lọ lára itan mi. Bí mo bá jókòó, àfi kí n di nǹkan mú kí n tó dìde. Bí mo bá sì forí kanlẹ̀ nínú ìrun, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní mọ́ṣáláṣí wa ní Egan, ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni àwa obìnrin wà. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo máa ń dúró sí, kí n lè fọwọ́ tì í dìde. Tá a bá ti kírun tán lẹ́yìn ààfáà, tí oníkálukú wá ń kí nàfílà tirẹ̀, màá forí kanlẹ̀, màá sì wà níbẹ̀. Màá ka ohun tí wọ́n ń kà níbẹ̀ tán, màá tún un kà, màá máa dúró de ìgbà tí itan mi máa gbà fún mi. Nígbà mìíràn omi á bọ́ lójú mi, kì í sì í ṣe ti ìbẹ̀rù Ọlọ́run.

Ní Sunday kan, ìyá tó ń darí àsàlátù wa dúró láàárín ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì nawọ́ sí mi. Ó ní kí àwọn ọ̀dọ́ wo bí Alhájà ṣe ń pẹ́ nílẹ̀ níwájú Olúwa wọn, pé ti àwọn ọ̀dọ́ dà bíi ti adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo dorí kodò. Wọ́n tún pe ìyẹn ní ìrẹ̀lẹ̀.

Àwọn àga oníke wà lẹ́yìn fún ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gbé e. Mo ti mọ̀ láti ilé kéú pé ẹ̀sìn gbà kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kírun lórí àga. Àmọ́ àwọn tó ń jókòó síbẹ̀, “àwọn ìyá arúgbó” lèmi fúnra mi ń pè wọ́n.

Kò tíì pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í mu páúdà kan tí wọ́n ní ó ń fún iṣan lókun nígbà tí wọ́n yìn mí yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ àsàlátù wa ló ń tà á, nínú agolo ńlá kan tí wọ́n ya ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹ̀ láyà sí lára. Ó ní bí èèyàn ṣe ń dàgbà ni ẹran ara ń yọ́, pé páúdà yìí ló ń dá a padà. Mo rà á. Mo ń pò ó mọ́ ẹ̀kọ mímu láàárọ̀ kí ìyàwó ọmọ mi tó jí, màá sì gbé agolo náà sábẹ́ àwọn aṣọ àtijọ́ mi. Ó tán, mo ra òmíràn. Itan mi kò yí padà. Mo ní bóyá ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ ni.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Ìjẹ̀gùn. Ìgbà tá a jọ ń pọn ọmọ la ti mọra. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà ti ń yẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gun ọ̀kadà wá bá mi lórí ọ̀nà burúkú yẹn, agolo irú páúdà yẹn kan wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì ṣí i. Ó ní dókítà ti sọ fún òun pé kíndìnrín òun kò lágbára, kí òun má mu ohunkóhun láìbéèrè. Ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló ń sọ iṣẹ́ tí páúdà náà ń ṣe, wọ́n ní obìnrin àgbàlagbà kan wà tó jẹ́ pé páúdà náà ló gbé e dìde.

“Ìwọ lo lọ sí ilé kéú,” ó wí. “Tó o bá ní kí n mu ún, màá mu ún. Mi ò ní bi ẹlòmíràn.”

Ó yẹ kí n sọ fún un lójú ẹsẹ̀ pé mò ń mu ún, pé kò ṣe nǹkan kan fún mi. Mi ò lè sọ ọ́. Mo ní kó fi agolo náà sílẹ̀ kí n wádìí.

Ní ilé kéú, olùkọ́ wa kì í jẹ́ ká gba hádíìsì kan, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní Ànábì sọ, gbọ́ torí pé ó dùn létí. Ó máa ń ní ká béèrè: ta ló gbọ́ ọ? Lẹ́nu ta ni? Ṣé ẹni yẹn wà níbẹ̀? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ọ̀rọ̀ páúdà náà lẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin aláṣọ kan ní Ìkòtún. Mo pe obìnrin náà lórí fóònù. Kò fojú rí i, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Igando ló sọ fún un. Mo pe ẹ̀gbọ́n náà, òun náà kò rí i. Ẹnu ẹni tó ń ta páúdà lòun ti gbọ́ ọ.

Mo lọ bá ẹni náà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo bi í bóyá ó fojú ara rẹ̀ rí obìnrin tí wọ́n ní páúdà gbé dìde yẹn.

Ó rẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹ̀yin mà ni. Mi ò dárúkọ yín ṣá. Kò pẹ́ tí ẹ ra agolo àkọ́kọ́ ni wọ́n ń yin ìforíkanlẹ̀ yín ní àsàlátù. Ta ló lè pẹ́ nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí itan rẹ̀ kò bá le?”

Mo ní kó sọ ẹlòmíràn tó fojú rí. Ó ní àwọn kan wà, àmọ́ èmi lòun fojú rí.

Kò purọ́ mọ́ mi. Ohun tó rí ló sọ. Mo dágbére fún un, mo fa híjáàbù mi bojú, mo sì gba ẹ̀yìn ilé lọ sílé bíi pé mo jí nǹkan.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi gbé agolo náà lọ bá dókítà rẹ̀. Ó ka ara agolo náà fún wa. Kò bú páúdà náà. Ó ní irú èyí kò ju oúnjẹ bí ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà tí wọ́n sọ di lẹ́búlẹ́bú lọ, pé ó lè wúlò fún ẹni tí kò lè jẹun tó. Ó ní ohun tó dá àwọn dókítà lójú jù ni kí èèyàn máa fi ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ kó sì máa jẹun dáadáa. Páúdà lásán lára ẹni tó jókòó sójú kan, agbára káká ló fi lè ṣe nǹkan. Ní ti ọ̀rẹ́ mi, ó ní kó má tọ́ ọ wò rárá títí àyẹ̀wò kíndìnrín rẹ̀ á fi jáde. Ó wá yíjú sí mi.

“Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá, ẹ ti mu ún rí?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó béèrè bóyá ó ṣiṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ń wò mí lẹ́nu.

“Kò ṣiṣẹ́,” mo wí. “Bí mo ṣe ń pẹ́ nílẹ̀ yẹn, mi ò lè dìde ni.”

Mo rò pé ọ̀rẹ́ mi máa rẹ́rìn-ín, torí ó fẹ́ràn àwàdà. Kò rẹ́rìn-ín. A jáde dé ìdí igi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀, ó sì di ọwọ́ mi mú.

“Mo máa ń sunkún nílé,” ó wí, “pé ìgbàgbọ́ mi kò tó tìẹ.”

Ibẹ̀ ni mo ti pinnu láti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà fún gbogbo wọn.

Mo kọ́kọ́ lọ sọ fún ẹni tó ń ta páúdà, kó má baà jẹ́ pé àárín èèyàn ló ti máa gbọ́ ọ. Nígbà tó di Sunday, mo sọ ọ́ létí gbogbo àsàlátù, mo sì lọ gbé àga oníke kan fúnra mi. Ìyá tó ń darí wa ní kí Ọlọ́run forí jì wá, ó sì yára bẹ̀rẹ̀ àdúà. Kò wo ojú mi.

Ìyá arúgbó tó wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ mi sún aṣọ rẹ̀ kí n lè ráyè, ó ní, “Wá jókòó jàre, ó pẹ́ tá a ti ń retí ẹ.” Ọ̀rẹ́ mi máa ń wá láti Ìjẹ̀gùn báyìí. Tí àwọn tó kù bá ti lọ tán, èmi àti ẹ̀ á máa jókòó, a ó máa dìde lórí àga yẹn láìdi nǹkan kan mú, bí dókítà ṣe ní ká máa ṣe. Ó ń yá lára rẹ̀ jù mí lọ. Bí ẹlòmíràn bá wọlé bá wa lẹ́nu ẹ̀, mo ṣì máa ń yára jókòó padà, kí wọ́n má baà rí bí mo ṣe ń tiraka.