Ọkọ Àrìnkẹ́ Kò Tíì Dé

Olúsànmí ta awò ojú ní Flatbush, lókè òkun, títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Yóò yọ awò kan kúrò lójú oníbàárà, yóò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, yóò sì béèrè pé, "Èwo ló hàn kedere jù, èyí àbí ti ìṣáájú?" Iṣẹ́ yìí ni ó fi ra ilé ní Cambria Heights, òun náà ni ó fi rán Ṣìmí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ní yunifásítì. Èrò rẹ̀ nípa ayé kò ta kókó: ohun tó wà, wà, ojú la fi ń rí i. Ẹni tó bá fẹ́ bá a jiyàn, yóò ta awò fún un.

Kò pẹ́ tó ṣíwọ́ iṣẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ dì sínú ọpọlọ Àrìnkẹ́, ìyàwó rẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀. Ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, ó rántí orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wọn. Àfi òwúrọ̀ ọjọ́ tí Olúsànmí gbé tíì wá bá a lórí ibùsùn.

"Ẹ ṣeun, ọ̀gbẹ́ni," ni ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni Bàbá Ṣìmí máa dé?"

Olúsànmí rẹ́rìn-ín. "Ta wá lò ń wò yìí?"

"Ẹ jọ ọ́ gan-an ni," ni Àrìnkẹ́ fèsì, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí a fi ń bá àlejò sọ̀rọ̀. "Kódà àpá orí imú yẹn. Ẹni tó ṣe yín mọṣẹ́."

Ṣìmí wá láti Soundview, níbi tó ń gbé, ó ṣàlàyé. "Daddy, ojú wọn kò bà jẹ́ o. Wọ́n ń rí yín. Ọ̀nà tó ti ojú lọ síbi tí ìfẹ́ wà nínú brain ló já. Wọ́n rí ọkọ wọn, ara wọn kò sì mọ̀ ọ́n lọ́kọ. Wọ́n wá ń wá àlàyé."

"Àlàyé náà ni pé ayédèrú ni mí?"

"Òun ló bọ́gbọ́n mu jù, Daddy."

Olúsànmí kò gbà. Ó gbé àpótí iṣẹ́ rẹ̀ jáde, ó yẹ ojú ìyàwó rẹ̀ wò. Àrìnkẹ́ ka lẹ́tà tó kéré jù lára káàdì láìṣìnà.

"Ṣé mo yege, ọ̀gbẹ́ni?"

Ó wá ku ohun kan. Bàbá Àrìnkẹ́ ló kọ́ Olúsànmí ní oríkì ilé wọn nígbà tó wá tọrọ ọmọ wọn. Láti ìgbà náà, nígbàkigbà tí ìbànújẹ́ bá wọlé, yóò ti ilẹ̀kùn yàrá, yóò sì fi oríkì náà kì ìyàwó rẹ̀. Ẹlòmíràn kò gbọ́ ọ rí. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó bẹ̀rẹ̀: "Àrìnkẹ́, ọmọ onílé tí kì í tìlẹ̀kùn mọ́ àlejò..."

Omijé bọ́ lójú Àrìnkẹ́. Olúsànmí rò pé ó ti bọ́ sí i.

"Kí lẹ fi ọkọ mi ṣe?" ni obìnrin náà béèrè. "Kò jẹ́ fínnúfíndọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ibo lẹ so ó mọ́, tí ẹ fi fìyà gbà á lẹ́nu rẹ̀?"

Ẹ̀rí Olúsànmí tó lágbára jù lọ di ẹ̀sùn. Àrìnkẹ́ kò jẹ oúnjẹ tó sè mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, tí Ṣìmí wà nílé ìdáná, Olúsànmí jáde lọ jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé, ó sì fóònù láti bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kó jẹun.

"Bàbá Ṣìmí! Háà! Ibo lẹ wà láti ọjọ́ yìí?"

Nígbà tí kò sí ojú rẹ̀ níbẹ̀, ohùn rẹ̀ rí ọ̀nà gbà. Ó sunkún bí ọmọdé. "Mò ń wọlé bọ̀ báyìí, Àrìnkẹ́."

"Ẹ má wá o!" Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Ọkùnrin kan wà níbí tó gbé àwọ̀ yín wọ̀." Kọ́tìnnì fèrèsé mì. "Mò ń wò ó báyìí, nínú mọ́tò yín. Òun náà ń fóònù. Ó tiẹ̀ ń sunkún, oníṣẹ́ ibi. Bí ẹ bá fẹ́ràn mi, ẹ ṣèlérí pé ẹ ò ní wálé."

Ó ṣèlérí. Ṣìmí ló ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ báyìí; bàbá ń gbé yàrá Ṣìmí ní Soundview. Láràárọ̀ ni ó ń fóònù, tí ó sì ń béèrè bóyá ọkùnrin yẹn ti lọ.

"Ó ti lọ," ni Àrìnkẹ́ máa ń wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má tíì wá. Irú wọn a máa padà."