Tẹlifíṣọ̀n Ẹlẹ́kọ

Títí di òní, bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Bàbá Adéríbigbé ní Ìjẹmọ̀, ọjọ́ tó fi ẹ̀kọ àdìrẹ kun tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ. Bàrákátù, ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣe àdìrẹ, ti ìdí aró dé, ó bá a níbi tó kúnlẹ̀ sí lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ wọn tó yọ iké. Ìyẹ́ adìẹ tí Bàrákátù fi ń ya àrà sára aṣọ ló mú lọ́wọ́, ó ń fi ẹ̀kọ láfún ya ẹja sára iké náà.

“Bàbá Síkírù, kí lẹ ń ṣe?”

“Ṣebí ẹ̀kọ yìí kì í jẹ́ kí aró wọlé sára aṣọ? Kò ní jẹ́ kí ariwo tẹlifíṣọ̀n yìí jáde.”

Kí ilẹ̀ tó ṣú, èkúté ti jẹ gbogbo ẹja náà tán.

Ariwo ọ̀hún tín-ín-rín, ó sì ń gúnni létí bí abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé nìkan ló ń gbọ́ ọ. Etí Bàrákátù ti dàgbà, ó sì gbà bẹ́ẹ̀. Ta ló máa sọ irú ẹ̀ fún Adéríbigbé? Ó ní òun ń gbọ́ ọ ketekete. Ó fi fóòmù dí ihò ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n náà, fóòmù bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Lọ́jọ́ kan ó tẹ́tí, ó mi orí, ó ní ariwo ti lọ sílẹ̀ gan-an. Mọ́nsúrù, télọ̀ ọ̀ọ́kán ilé wọn, ló rán an létí pé kò sí iná láti àárọ̀.

Síkírù ọmọ rẹ̀ fẹ́ ra tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ fún un, ó kọ̀. Ẹ̀rọ wo ló lè ṣẹ́gun òun tí òun ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní Papalanto? Kò sọ pé géètì lòun ń ṣí níbẹ̀.

Ohun tó ń dùn ún gan-an ni pé bí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá ti Ìbarà wá ní Sátidé, tó bá ti tan tẹlifíṣọ̀n báyìí, wọ́n á di etí, wọ́n á sá jáde. Òun nìkan ló ń wo bọ́ọ̀lù, òun nìkan ló ń pariwo góòlù. Ó káàánú ara rẹ̀, Bàrákátù náà sì ń káàánú rẹ̀.

Ló bá tún fi ẹ̀kọ kùn ún. Lọ́tẹ̀ yìí, Àfúsá, àbíkẹ́yìn Síkírù, jókòó tì í títí bọ́ọ̀lù fi parí.

“Ariwo ńkọ́?”

“Ó ti dákẹ́, Bàbá.”

Gbogbo Ìjẹmọ̀ ò gbádùn mọ́. Ó kan ilẹ̀kùn Miriam oníbúrẹ́dì, ó fi ẹ̀kọ kun tirẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ Miriam ní ariwo ṣì wà níbẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ fọ etí wọn. Ìgbéraga yìí ló bá dé ibojì.

Lọ́jọ́ fídáù rẹ̀, nígbà tí àlejò ti lọ tán, Bàrákátù tan tẹlifíṣọ̀n náà. Ó rí Àfúsá tó yọ òwú nínú báàgì, tó fi dí etí méjèèjì. Bàrákátù fi ọwọ́ yọ ọ̀kan jáde.

“Ṣebí o ní ó ti dákẹ́?”

“Kò dákẹ́ rí, Màmá. Bàbá ló ń dá jókòó.”

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa Bàrákátù, kí omijé tó dé. Ó nawọ́ láti pa tẹlifíṣọ̀n náà, Àfúsá ní kó fi í sílẹ̀. Ó dá òwú náà padà sétí ọmọ náà fúnra rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ wò ó, wọ́n fi àga Bàbá sáàárín.