Bàtà tí mo ní kó bọ́

Mo bá ọmọ ọlọ́mọ wí lónìí ní bọ́sítọ́ọ̀pù Woolwich, nílùú òyìnbó níbí.

Funfun ló wọ̀ látòkè délẹ̀, mo ṣe bí ọmọ ìjọ aláṣọ funfun tiwa ni.

Mo ní, "Bọ́ bàtà yẹn. A kì í wọ bàtà mọ́ sùtánà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mama, ọmọ Brazil ni mí. Àwọn Potogí ló kó àwọn ìyá ńlá wa lẹ́rú lọ síbẹ̀. Gbogbo Friday la máa ń wọ funfun fún Òòṣàálá. Ìyá ìyá mi ló kọ́ mi."

Ìyá ìyá tèmi náà wọ funfun fún Òòṣàálá, ní Ifọ́n. Èmi ni mo pa Òòṣàálá tì.

Mi ò bẹ̀ ẹ́ o. Mo kàn sún lórí bẹ́ǹṣì, kó lè jókòó.

Ẹ̀yin ará, ṣé ìyẹn ò tó?