Ẹni Tó Kú Ò Wá Sípàdé

Ìgbà ìkẹyìn tí ìyá aránṣọ kan gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀, kì í ṣe lórí ibùsùn àìsàn. Ó ti sin ín, ó ti bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, kó tó gbọ́ ọ nínú yàrá ẹ̀yìn ní ilé Ẹgbẹ́ Olùtọ́jú Ìtàn Ìlú. Akọ̀wé ẹgbẹ́ fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn bò ó létí, ni bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí òun ṣe ń tún aago ńlá ìlú ṣe nígbà tí ẹyẹ bá kọ́ ìtẹ́ sáàárín irin rẹ̀. Ilé tọkọtaya náà ni ẹgbẹ́ ti gba ohùn náà sílẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ ló dédé ké sí ìyàwó rẹ̀, ẹni tó máa ń pè ní Abẹ́rẹ́ nítorí ó tínrín, ẹnu rẹ̀ sì mú.

"Abẹ́rẹ́! Omi dà?"

Ohùn obìnrin náà dáhùn láti ilé ìdáná: "Mò ń bọ̀ o! Ṣé ìyẹ́ ló wà lápá mi ni?"

Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́.

Ẹ̀rín yẹn ni obìnrin náà ń wá. Gbogbo ohun tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló yadi: bàtà, awò ojú, àpótí irinṣẹ́. Kò sí èyí tó lè pè é ní Abẹ́rẹ́. Ó ní kí wọ́n bá òun ṣe ẹ̀dà ohùn náà kan.

"Màmá, ohun tí ẹ béèrè ò pọ̀," ni akọ̀wé wí. "Ṣùgbọ́n ó dọwọ́ ìgbìmọ̀ alákòóso."

Ìgbìmọ̀ jókòó sórí àga tuntun tó ṣì ń rùn bí ọ̀dà. Alága wọn máa ń fọwọ́ pa ikùn kó tó sọ̀rọ̀, àfi bí ẹni pé ibẹ̀ ni òfin wà.

"Ìyá wa, a bá yín kẹ́dùn. Àmọ́ agbára wa níwọ̀n. A lè gba nǹkan, a lè tọ́jú ẹ̀, a lè fi han aráyé. Ká wá yọ ẹ̀dà rẹ̀ fún èèyàn, àpapọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ló lè pàṣẹ ìyẹn."

"Ẹ pe àpapọ̀ nígbà náà."

Wọ́n pè é. Àwọn tó wá ò kún ìlà àga méjì. Òfin wọn sì ni pé ìdajì ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ pé kí ọ̀rọ̀ tó lè fẹsẹ̀ múlẹ̀. Akọ̀wé ń pe orúkọ, òfìfo ń dá a lóhùn. Àfi bó ṣe kan orúkọ ọkọ aránṣọ, tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ nígbà ayé rẹ̀.

"Kò wá," ni akọ̀wé wí, ó fa ìlà.

Obìnrin náà dìde. "Ta ni kò wá? Ẹni tí ẹ̀yin fúnra yín bu yẹ̀pẹ̀ sí lórí?"

"A mọ̀ pé wọ́n ti kú, Màmá," ni alága dáhùn, ojú ò tiẹ̀ tì í. "Ìgbìmọ̀ ò lágbára láti yọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Àpapọ̀ ló ń yọ ọ́."

"Àpapọ̀ tí kò lè jókòó nítorí pé àwọn òkú tó kún inú ìwé yín ò wá?"

"Bí òfin ṣe wí nìyẹn."

"Ẹ ránṣẹ́ sí wọn ní ibojì. Bóyá wọn ò rí ọkọ̀ wọ̀ ni."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Alága wò ó, onítọ̀hún gbé ẹ̀rín náà mì.

Bí wọ́n ṣe tú ká, aránṣọ kọrí sí yàrá ẹ̀yìn kó lè tún gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Àgádágodo ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti sọ ibẹ̀ di ọ́fíìsì alága, wọ́n ti kó ẹ̀rọ àti ohùn sínú àpótí.

"Àpapọ̀ wo ló fàṣẹ sí èyí?"

Akọ̀wé ń wolẹ̀. "Ìgbìmọ̀ ni, Màmá. Ìyẹn wà lágbára wọn."

Obìnrin náà kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn náà. Agbára àtitilẹ̀kùn wà lọ́wọ́ wọn jaburata. Ti àtiṣí i ni òfin ò fún wọn. Èèyàn lè bẹ ìkà tó bá bínú. Ẹni tó ń pa ikùn, tó ń ní òun ì bá ṣe é bí kì í bá ṣe òfin, itọ́ ló tọ́ sí i. Ó gbé ti ẹnu rẹ̀ dé ìta kó tó tu ú.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, Màmá," ni ọmọ rẹ̀ obìnrin ń wí nílé.

"Kí n fi ta ni sílẹ̀? Bàbá ẹ ló wà lọ́wọ́ wọn."

Wọ́n ti pe ìpàdé mìíràn látìgbà náà, ó tú ká bákan náà. Tíṣà àgbà kan tó jókòó ti aránṣọ ní ìpàdé àkọ́kọ́ ti kú, òun náà ti bọ́ sáàárín àwọn tí kò wá. Wọn ò tíì yọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Wọn ò tíì ṣe ẹ̀dà náà.