Àwọn Tata Tí Ìyálé Mi Pè Ní Ará Mi

Nígbà tí mo wọlé ọkọ ní Bẹ́yẹrúnkà, oko ẹ̀gẹ́ ni ìyálé mi kọ́kọ́ mú mi lọ. Gàrí tí a ń yan níbẹ̀, tí a ń tà ní Ọjà'ba, ni gbogbo ọmọ ilé wa fi ń jẹun, òun náà ni wọ́n fi ń lọ sílé ìwé.

Lọ́dún kejì, nígbà ọyẹ́, a dé oko, a ò bá ewé mọ́. Igi ẹ̀gẹ́ lásán ló dúró. Tata kéékèèké, dúdú, tó ní àmì pupa rúsúrúsú lára, ló bò ó. Ìyálé mi káwọ́ lérí.

"Kí lèyí? N ò rí irú ẹ̀ rí lóko yìí."

"Ìyálé mi, mo mọ̀ wọ́n o. Wọ́n pọ̀ lọ́dọ̀ wa l'Ókè-Ògùn."

Ó yíjú sí mi. "Háà! Ìyàwó, àwọn ará ẹ ló tẹ̀ lé ẹ wálé ọkọ! Wọn ò tiẹ̀ mú iṣu kankan dání!"

Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n òun ti ń ka àwọn igi ẹ̀gẹ́ lásán náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọn ò kúkú tẹ̀ lé mi. Igbó dúdú ló yí oko náà ká tẹ́lẹ̀. Àwọn onípákó gé igi tán, koríko hù, ilẹ̀ wá di ọ̀dàn bíi ti ọ̀dọ̀ wa. Ni tata bá rílé gbé.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, mo rí wọn tí wọ́n ṣù jọ sábẹ́ igi mángòrò, wọ́n ń yé ẹyin sínú ilẹ̀. Abẹ́ igi yẹn la ti máa ń bó ẹ̀gẹ́, tí a máa ń bú ara wa, tí a máa ń rẹ́rìn-ín. Mo ṣì lè pe orúkọ gbogbo ẹni tó ń jókòó níbẹ̀. Mo ní ká gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, ká kó ẹyin náà síta fún oòrùn, bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe.

"Ibi ìjókòó mi? Ìwọ àtàwọn ará ẹ fẹ́ lé mi lóko ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyálé mi. Màá tún un tẹ́ fún yín."

Ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣá ilẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, ewé ẹ̀gẹ́ wa dúró. Tó bá wá rí tata kan ṣoṣo, á pariwo: "Ìyàwó, àlejò ẹ dé o!"

Ilé ni wọ́n ti kọ́ kún oko yẹn báyìí. Lẹ́yìn tí a sin ìyálé mi, tata kan wá bà sójú fèrèsé mi, láàárín ìlú níbí. Mo ti pariwo sí yàrá rẹ̀, "Ìyálé mi, àwọn ará mi dé o!" kí n tó rántí.

Mo rọra mú tata náà lọ sẹ́yìnkùlé, mo gbé e lé ìdí ẹ̀gẹ́ kan tí ìyálé mi gbìn síbẹ̀. Kó jẹun.